Láti Ọwọ́ Akódà dé Àmọ̀tẹ́kùn: Ìtàn Ọlọ́pàá Ìbílẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Kí òyìnbó tó dé, àwọn ìlú Yorùbá ti ní àwọn tí ń mú àṣẹ ṣẹ. Ìlàrí ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ẹmẹ̀sẹ̀ ni ó ń jẹ́ ti Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Ààfin ni wọ́n ń jíhìn fún. Ta ni ó yẹ kí ọlọ́pàá máa jíhìn fún? Ìbéèrè yìí ni ó so ìtàn náà pọ̀.

Ìdásílẹ̀ àti Ìdàgbàsókè

Ní 1861, ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ 30 jọ. Nígbà tí iye wọn ń pọ̀ sí i, Haúsá ni ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé àlejò kò ní ẹbí tí yóò ṣojú sàájú fún. A dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀ ní 1896. Ní 1930, ọlọ́pàá Gúúsù àti ti Àríwá di ọ̀kan ṣoṣo.

Ní àwọn ìlú òkè, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n tọ̀. Akódà, tí ìṣàkóso ìbílẹ̀ ń san owó oṣù fún, ni ó ń mú ìwé ìpè kọ́ọ̀tù lọ fún ẹni tí a pè lẹ́jọ́, tí ó sì ń mú arúfin. Ọmọ ìlú ni. Ó gbọ́ ẹ̀ka-èdè wọn, ó sì mọ agboolé kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n di ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀.

Ìtúká

Ohun tí ó jẹ́ agbára wọn náà ni ó di àléébù wọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ìgbìmọ̀ ìlú wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ fún wọn, pàápàá nígbà rògbòdìyàn ìdìbò 1965, tí wọ́n fi wọ́n ni alátakò lára. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn ká, a sì kó àwọn tí ó kúnjú òṣùwọ̀n wọ inú Ọlọ́pàá Nàìjíríà. Abala 214 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 fìdí ọlọ́pàá kan ṣoṣo múlẹ̀.

Ìkádìí

Nígbà tí ìjínigbé peléke, àwọn gómìnà mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020. Ìmọ̀ ọmọ ìlú tí a pàdánù ni wọ́n ń wá padà. Ṣùgbọ́n ìtàn akódà fi hàn pé ìmọ̀ ìlú nìkan kò tó: òfin gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ń gbani síṣẹ́, ẹni tí ń dáni dúró, àti ibi tí mẹ̀kúnnù tí a fìyà jẹ yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.