Àtẹ̀gùn Onípákó: Ìgbà Tó Yẹ Ká Tún Un Ṣe

Ọdún 1845 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Àgbádárìgì. Ní Owódé Ẹ̀gbá, Ìfọ̀ àti agbègbè wọn, ẹni tó bá jogún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ lè bá àtẹ̀gùn onípákó nínú rẹ̀. Ẹ má tíì wó o. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé tún ṣe, bí a bá mọ àsìkò.

Ọ̀wàrà: Àyẹ̀wò
Bí òjò bá ń palẹ̀ mọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ilẹ̀ àti ikán ti ń wọlé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún pákó: bó bá wọlé wẹ́rẹ́, igi náà ti jẹrà.

Bélú sí Ṣẹ́rẹ́: Iṣẹ́
Igi gbígbẹ ni kí ẹ rà. Bí ọyẹ́ bá bá igi tútù lára àtẹ̀gùn, yóò sún kì, ìṣó á sì tú. Ìrókò àti apá kì í tètè gbà fún ikán. Àfárá ní láti mu oògùn ikán kó tó wọlé.

• Pákó tó ń dún bí a bá tẹ̀ ẹ́: ìṣó rẹ̀ ló ti tú. Ẹ dá ihò sí i, kí ẹ fi skúrù dè é.
• Èyí tó ti jẹ láàárín: bó bá nípọn, tí abẹ́ rẹ̀ sì le, ẹ tú u, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gé tuntun tí nínípọn rẹ̀ bá tàtijọ́ mu. Ẹ má kan pákó lé ẹyọ kan ṣoṣo lórí: ẹsẹ̀ ti mọ gíga àtẹ̀gùn, èyí tó bá ga ju ìyókù lọ yóò gbé èèyàn ṣubú.
• Èyí tí ikán jẹ nídìí àtẹ̀gùn: ẹ gé e dé ibi tí igi ti le, kí ẹ gbé ìdí rẹ̀ lé kọnkéré, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa tú wọn.

Ẹrẹ̀nà: Ìparí
Ẹ kun báníìsì, kí ẹ dí ibi tí òrùlé ti ń jò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí ẹ bá rí ìyẹ́ èsúnsún lórí àtẹ̀gùn, ilé ikán ò jìnnà.

Níkẹyìn, ẹ di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, kí ẹ mì ín. Bó bá mì, iṣẹ́ ò tíì parí: òun ni ìyá àgbà ń dì mú gòkè lóru nígbà tí iná bá lọ.