Ẹ Má Tíì Fọ́mátì Ẹ̀

Kí èèyàn tó rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí ní òpópónà Otigba, n'Ìkẹjà, àwọn ọmọkùnrin tó ń pe oníbàárà á ti yí i ká. "Ẹ̀gbọ́n, fóònù ni àbí láptọ́ọ̀pù? Ẹ wá gbọ́ iye tiwa!" Àdúgbò tí àwọn èèyàn kàn ń gbé ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àwọn oníkọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í háyà ilé níbẹ̀ lápá ìparí àwọn ọdún 1990, títí gbogbo rẹ̀ fi di Computer Village. Lónìí, fóònù ló gba ìsàlẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ tún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣe, àfi kó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, síbi tí kèésì òfìfo àti wáyà ti gba ìdajì yàrá lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí màmá kan wọlé, tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà náà tẹ̀lé e. Tòkúnbọ̀ ni, tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì kan l'Ókè-Òkun kó tó wọ Èkó. Windows 7 ló wà lórí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Kí ló ń ṣe é?" ẹnjiníà béèrè.

"Ọmọ mi, kò wọlé mọ́. Á ṣe bí ẹni fẹ́ dìde, ojú ẹ̀ á di búlúù fìrì, á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ládùúgbò wa ní àfi kí òun fọ́mátì ẹ̀. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀ o, àti fótò ìsìnkú bàbá yín."

"A ò ní fọ́mátì ẹ̀, mà. Ẹ jókòó."

Ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnì. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun sì yọ: aago kò tọ́, kí a tẹ F1 láti máa lọ, tàbí F2 láti wọ ibi ètò. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á. Wọ́n á tẹ F1, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹnjiníà yìí kò tẹ nǹkan kan. Ó yíjú sí màmá.

"Mà, ó ti tó ìgbà wo tí aago ẹ̀ ti ń ṣì?"

"Há! Ó ti pẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án, á ní ọdún 2009 la wà. Ìwé ìròyìn tí mo máa ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an, ó ní ibẹ̀ ò ṣeé fọkàn tán. Mo ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí ojú òpó kọ̀ọ̀kan máa ń fi han kọ̀ǹpútà wa kó tó gbà á gbọ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí sì wà lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2009 la ṣì wà á ka ìwé náà sí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ti ń kìlọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ó wá tẹ F1. Àmì Windows yọ, búlúù kọ mànà, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún un tàn, ó ń tẹ F8 léraléra títí àwọn ọ̀nà àbáwọlé fi tò sílẹ̀, ó sì mú èyí tó ní kí ẹ̀rọ má ṣe tún ara rẹ̀ tàn bí ó bá kọsẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, búlúù náà dúró. Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀: 0x0000007B. Ohun tí Windows ń sọ ni pé òun ti gbéra, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò tó hard disk tí òun ń gbé.

Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó sí tábìlì kejì na ọrùn. "Hard disk ti kú nìyẹn. Ẹ fọ́mátì ẹ̀ jàre, ẹ jẹ́ kí màmá máa lọ sílé."

N kò bá ọ̀gbẹ́ni yẹn jà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ba nǹkan olóòótọ́ èèyàn jẹ́ púpọ̀. Fọ́mátì rọrùn fún ẹni tó ń ṣe é: kò ní ronú, kò ní wádìí, owó iṣẹ́ á sì pé. Oníbàárà ló máa délé kó tó mọ̀ pé fótò ọdún mẹ́wàá ti lọ.

Ẹnjiníà ki fláàṣì kan bọ ẹ̀rọ náà, ó tẹ F12, ó sì ní kó ti ara fláàṣì gbéra. Linux ló wà nínú rẹ̀, kò nílò Windows rárá. Kò pẹ́ tí àwọn fódà màmá fi yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hard disk kò kú. Ó so disk mìíràn mọ́ ọn, ó ń kó gbogbo fáìlì síbẹ̀, a sì jókòó tì í. Màmá ní kó ṣí fótò kan. Ó ṣí i. Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó mú skrúdíráfà. Eruku inú rẹ̀ kò ṣeé ròyìn. Ó fi blówà lé e jáde. Láàárín pátákó ẹ̀rọ ni bátìrì pẹlẹbẹ kan wà bíi kọ́ìnsì, CR2032: 20 mílímítà ní fífẹ̀, 3.2 ní nínípọn, iná rẹ̀ sì jẹ́ fóòlùtì 3. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n. Ó ti lọ sílẹ̀ jìnnà.

Bátìrì yìí ló ń gbé aago àti ètò ẹ̀rọ ró nígbà tí kò bá síná. Bí wáyà bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó níná, iná díẹ̀ máa ń wọlé kódà bí a bá ti pa kọ̀ǹpútà, bátìrì á sì sinmi. Àmọ́ níbi tí iná NEPA kì í dúró, tí àwa fúnra wa sì ń pa sọ́kẹ́ẹ̀tì kí a tó sùn, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè kú lọ́dọ̀ wa.

Ó fi tuntun sí i, ó tẹ F2, ó tún ọjọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yan bí ẹ̀rọ á ṣe máa bá hard disk sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí bátìrì kú pátápátá, ẹ̀rọ gbàgbé ohun tí wọ́n yàn fún un, ó sì padà sí èyí tí wọ́n ṣe é mọ́. AHCI ni Windows mọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sórí rẹ̀. Nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó dá a padà sí AHCI, ó tẹ F10 láti pa á mọ́.

Windows wọlé. Ọ̀gbẹ́ni tábìlì kejì ti dojú kọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Fèrèsé kékeré yọ pé RunDLL kò rí fáìlì kan. Fáírọ́ọ̀sì ló ti wọlé rí, bóyá láti ara fláàṣì. Oògùn fáírọ́ọ̀sì pa fáìlì náà, kò pa àṣẹ tó ń pè é láàárọ̀. Bí alága ìjókòó tó ń pe ẹni tó ti kúrò níbi ìnáwó ni. Ẹnjiníà kọ msconfig, ó wọ Startup, ó yọ àmì ìwájú rẹ̀ kúrò, ó sì yọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí màmá ní òun ti fi tọrẹ tipẹ́.

Kò tan màmá o. Ó fi hàn án pé àwọn ibì kan lára hard disk ti ń bàjẹ́, kó fi SSD rọ́pò rẹ̀ bí owó bá wà. Ó ní Microsoft ti dá ìtọ́jú Windows 7 dúró láti 14 January 2020, ti Windows 10 náà sì ti parí ní 14 October 2025. Windows 11 ń fẹ́ TPM 2.0, ìyẹn ṣíìpù ààbò, àti RAM 4GB, ẹ̀rọ yìí kò sì ní ju 2GB lọ. "Ẹ máa fi kọ lẹ́tà, mà. Ọ̀rọ̀ báǹkì, ẹ má dán an wò lórí ẹ̀."

Ẹ̀yin tí aago kọ̀ǹpútà yín ń ṣì nígbàkígbà tí ẹ bá tàn án, ẹ fi fóònù ya ojú ewé ètò F2 yín báyìí tó ṣì pé, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé àfi kí òun fọ́mátì, ẹ ní kó kọ́kọ́ kó fáìlì yín jáde níṣojú yín.