Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí Ara Ṣe Ń Gbèjà Ọpọlọ

Kókó ọ̀rọ̀ wa ní òní ni bí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba ọpọlọ sílẹ̀ nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá gbógun tì í.

Ọpọlọ kì í ṣe ilé àyawọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ so mọ́ ara wọn pinpin, tí ó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun ara pàápàá kì í ráyè wọlé. Báwo wá ni ìrànlọ́wọ́ ṣe ń dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ìjà? Àrokò ni ọpọlọ ń pa. Sẹ́ẹ̀lì tí ogun ká mọ́lé a máa tú èròjà kan jáde; lára ọmọ ogun ni ohun tí ń gba èròjà náà wà. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní agbàrokò. Ọ̀kan nínú wọn ni CCR5.

Ẹ wo fáírọ́ọ̀sì West Nile, tí a kọ́kọ́ rí ní Ùgáńdà ní 1937, tí ó sì dé New York ní 1999. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó mú kì í tilẹ̀ mọ̀. Lára àwọn díẹ̀ ni ó ti ń wọ ọpọlọ. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi eku tí kò ní CCR5 ṣe ìdánwò. Ọmọ ogun tí ó dé ọpọlọ wọn kò tó nǹkan, gbogbo wọn sì kú. Nígbà tí a fún irú wọn ní ọmọ ogun láti ara eku tí ó ní in, 60 nínú ọgọ́rùn-ún yè.

Ẹ̀wẹ̀, CCR5 yìí kan náà ni ilẹ̀kùn tí fáírọ́ọ̀sì éèdì sábà máa ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì. Ní 1996 ni a rí i pé àwọn tí a bí láìní in, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ará Yúróòpù, kì í sábà kó éèdì. Ọ̀pọ̀ rò pé àǹfààní lásán ni. Ṣùgbọ́n ní 2006, ìwádìí ní Arizona àti Colorado fi hàn pé irú wọn pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ láàárín àwọn tí West Nile dá gúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wọn nìkan, nítorí láti 2007 ni àwọn oníṣègùn ti ní maraviroc, oògùn éèdì tí ń dí ilẹ̀kùn yìí gan-an.

Ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ olè, a tì í mọ́ olùgbèjà pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó pe ohunkóhun nínú ara ní aláìwúlò, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bèèrè àrokò tí ó ń gbà.