Ògbólógbòó àgọ́ orí táyà: Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe nílé, àti ibi tí ewu wà

Tí ìgbà òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ohun kan wà tó máa ń pọ̀ níwájú ilé àwọn èèyàn: àpótí ńlá kan tó jókòó sórí táyà méjì, tí wọ́n lẹ páálí mọ́ lára pé títà ni. Pop-up camper ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ gan-an sí iye tí wọ́n ń ta tuntun, ìdí nìyẹn tí àwọn ìdílé tó fẹ́ rìnrìn àjò láìsan owó hòtẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń rà á, tí wọ́n á sì tún un ṣe fúnra wọn lẹ́yìnkùlé.

Àmọ́ bí ọjà yìí ṣe lè dùn, bẹ́ẹ̀ ló lè korò. Ẹnì kan á rà á lówó pọ́ọ́kú, á sì fi gbádùn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlòmíì á ti náwó sí ọ̀dà àti tìmùtìmù tán kó tó rí i pé pákó abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Àwọn kan tiẹ̀ ti fara pa nídìí àtúnṣe náà. Ohun tó ń ya àwọn èèyàn wọ̀nyí sọ́tọ̀ ò ju mímọ ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò, àti èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe.

Irú tírélà wo nìyí?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì ni o. Tírélà kékeré ni, ọkọ̀ ilé lè fà á. Tó bá wà ní pípadé, kò ju àyà àgbàlagbà lọ ní gíga. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á yí ọwọ́ winch kan, òrùlé á gbéra sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa bẹ́ẹ̀dì kan jáde níwájú, òmíràn lẹ́yìn, kánfáàsì á sì nà yí gbogbo rẹ̀ ká bí ògiri. Tábìlì, síńkì àti sítóòfù gáàsì wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀ tí ọkọ̀ bá ń rìn.

Ìpínlẹ̀ Indiana ni ojúkò iṣẹ́ yìí, pàápàá agbègbè Elkhart. Ní ọdún 1968, Lloyd Bontrager dá iléeṣẹ́ Jayco sílẹ̀ nílùú Middlebury, lẹ́yìn tó ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gbé òrùlé irú tírélà bẹ́ẹ̀ sókè. Coleman tí wọ́n mọ̀ mọ́ sítóòfù àti fìtílà náà wà lára àwọn tó ṣe é. Tirẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n ṣe láyé ìgbà yẹn ṣì wà lójú títì dòní.

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Irin rẹ̀ lè pẹ́. Pákó rẹ̀ ni omi máa ń bà jẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀: ihò ìṣó kan ṣoṣo lórí òrùlé ti tó kí omi máa rọra wọlé, kí plywood ilẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ sì jẹrà láìsẹ́ni tó mọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á tó mówó jáde, kó ní kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ pátápátá. Kó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ káàkiri, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tó bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ti jẹrà nìyẹn. Kó fi orí sukudíráfà rọra gún pákó lábẹ́ tírélà náà. Tó bá wọlé wọ̀ọ́rọ̀ bí ìgbà téèyàn gún búrẹ́dì, iṣẹ́ ńlá wà níbẹ̀. Kó tún gbóòórùn inú rẹ̀, torí òórùn ewú kì í fara pa mọ́.

Tí ẹni tó ń tà á bá ní òrùlé rẹ̀ ò ṣeé gbé sókè lọ́jọ́ náà, á dáa kéèyàn máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú àpótí tí wọ́n kọ̀ láti ṣí. Bákan náà, kó béèrè ìwé rẹ̀, kó sì wò ó bóyá nọ́ńbà VIN tó wà lára irin bá ti inú ìwé mu. Láìsí ìwé, gbígba nọ́ńbà lè di wàhálà tó ju àtúnṣe gan-an lọ.

Òrùlé tó lè já lu èèyàn

Ibí ni ewu tó tóbi jù nídìí àtúnṣe wà. Ní ọ̀pọ̀ nínú tírélà wọ̀nyí, winch tó wà níwájú ló ń fa okùn irin kan tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, tó sì pín sí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbé òrùlé dúró. Tí okùn náà bá ti dípẹtà tàbí tó ti ń tú ní fọ́nrán-fọ́nrán, ó lè já nígbàkigbà. Òrùlé á sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ara sábẹ́ òrùlé àtijọ́ láìfi igi gbé e. Pákó mẹ́rin tó nípọn ni wọ́n máa ń gé tó gíga òrùlé náà, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ti igun kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe èyí tán ni wọ́n tó máa ń tú okùn tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Tí ọwọ́ winch bá le jù, wọn kì í fi ipá yí i. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ibi tí nǹkan ti há.

Èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn fi ọ̀dà bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa ń dùn ún wò nínú fọ́tò. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dí ibi tí omi ń gbà wọlé, kí wọ́n wá pààrọ̀ pákó tó bàjẹ́, kí ọ̀dà sì kẹ́yìn.

Tí wọ́n bá fẹ́ dí ihò, wọ́n á tú irin etí òrùlé, wọ́n á ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátá, wọ́n á wá fi téèpù butyl sábẹ́ irin náà kí wọ́n tó dè é padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sáré ra silicone tí wọ́n fi ń dí ilé ìwẹ̀. Kò dáa fún iṣẹ́ yìí, torí tó bá ti gbẹ, ohunkóhun tí wọ́n bá tún fẹ́ lẹ̀ lé e lórí lọ́la ò ní dì mú dáadáa.

Ní ti pákó, wọ́n á gé èyí tó jẹrà títí wọ́n á fi kan ibi tó le tó sì gbẹ. Èyí tí wọ́n máa fi dípò gbọ́dọ̀ nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì kun etí rẹ̀ yíká kí wọ́n tó dè é mọ́lẹ̀, torí etí ni plywood ti máa ń mu omi. Nígbà tí wọ́n bá dé orí ọ̀dà, wọ́n á fi sánpépà ha ojú pákó àtijọ́ tó ń dán, kí ọ̀dà ìpìlẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dà náà á máa ṣí kúrò kí ọdún tó yí po.

Kánfáàsì: iṣẹ́ télọ̀ ni

Kánfáàsì tó ní ewú díẹ̀ ṣeé fọ̀ pẹ̀lú omi, ọṣẹ tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Omi blíìsì kò dáa fún un, ó máa ń jẹ òwú rẹ̀. Tó bá ti ya ju ohun tí èèyàn lè lẹ̀ lọ, àwọn tó mọ ìránṣọ máa ń tú èyí tó ti gbó ní ìsopọ̀ rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ tuntun, wọ́n á fi gé e, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ṣe máa ń fi bùbá àtijọ́ gé tuntun. Tó bá jẹ́ kánfáàsì olówùú, wọ́n á bu omi sí i kó rin, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ lórí ìnà kí wọ́n tó gbé e jáde. Òwú inú rẹ̀ á wú, á sì dí ojú abẹ́rẹ́.

Òfin kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: tí òjò bá mú kí wọ́n ká a ní tútù, kí wọ́n ṣí i padà ní kété tí wọ́n bá délé. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ewú á ti bẹ̀rẹ̀.

Táyà tó rí bíi tuntun lè ti darúgbó

Táyà tírélà kì í sábà jẹ tán. Jíjókòó lójú kan sínú oòrùn ló ń pa á. Lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níparí. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, ó ti wà ṣáájú ọdún 2000, kò sì yẹ kó tún rí títì mọ́. Lẹ́tà ST tó máa ń ṣáájú ìwọ̀n táyà túmọ̀ sí pé ti tírélà ni. Kí wọ́n má fi ti ọkọ̀ ilé dípò rẹ̀.

Bearing inú àgbá náà nílò gíríìsì tuntun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tó bá gbẹ, á gbóná, táyà sì lè yọ lórí eré. Iná ẹ̀yìn àti ṣéènì méjì tó so tírélà mọ́ ọkọ̀ náà ò gbọ́dọ̀ ní àbùkù.

Àfikún lẹ́rù, ẹrù sì ní òpin

Sólà, bátìrì ńlá, ẹ̀rọ amúlétutù: gbogbo rẹ̀ ló dáa, gbogbo rẹ̀ ló sì wúwo. Lára tírélà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sí. Ẹ jẹ́ ká ní 1,100 kìlò ni, tí tírélà náà lófìfo sì jẹ́ 850. Kìlò 250 péré ló kù nìyẹn. Omi lítà 75 ti mú kìlò 75 kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé lè tó kìlò 40, òpó àti okùn irin ni yóò sì máa gbé e sókè nígbà gbogbo. Bátìrì, gáàsì, ìkòkò, aṣọ àti oúnjẹ ló máa pín 135 tó kù.

Bí wọ́n ṣe to ẹrù náà tún ṣe pàtàkì. Ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà ló yẹ kó tẹ ìdí ọkọ̀ tó ń fà á. Tó bá jẹ́ 900 kìlò, ó yẹ kó wà láàárín 90 sí 135. Tí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì lórí eré, ó sì lè gbé ọkọ̀ dànù.

Ní ti iná, ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ sí LED. Ìwọ̀nba iná díẹ̀ ló ń jẹ nínú èyí tí ti tẹ́lẹ̀ ń jẹ, bátìrì kékeré á sì pẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Gáàsì àti èéfín tí kò lóòórùn

Ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tó sùn ti jẹnẹrétọ̀ ní Nàìjíríà tí wọn ò jí mọ́, ó ti mọ ohun tí carbon monoxide lè ṣe. Kò lóòórùn, kò ṣeé fojú rí. Sítóòfù tàbí ẹ̀rọ amúlégbóná tí kò jó dáadáa nínú àgọ́ lè mú un jáde. Nítorí náà, sítóòfù kò gbọ́dọ̀ di ohun tí wọ́n fi ń yá iná lóru.

Ẹ̀rọ tó ń kígbe tó bá gbọ́ gáàsì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, torí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ sí. Kí èyí tó ń ṣọ́ carbon monoxide náà wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì wo ọjọ́ tí àwọn méjèèjì máa parí iṣẹ́, torí àtijọ́ lè dákẹ́ nígbà tó yẹ kó ké. Ní ti páìpù, wọ́n á ṣí gáàsì, wọ́n á fi omi ọṣẹ pa gbogbo ìsopọ̀. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi iná ìṣáná wá a.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, kí òru àkọ́kọ́ jẹ́ ní àgbàlá ilé. Kí wọ́n fi rọ́bà omi rọ òjò lé e lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tan gbogbo iná rẹ̀, kí wọ́n sì sùn sínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbàgbé, ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré ni wọ́n máa rìn lọ mú un. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fà á yí àdúgbò ká, kí wọ́n dúró, kí wọ́n fi ọwọ́ kan àárín àgbá méjèèjì. Tí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, wọ́n á padà sílé lọ wo bearing rẹ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀nà pọ̀n.