Ilé orí táyà: Ọjọ́ àkọ́kọ́ Steinbeck lójú ọ̀nà, àti àlejò tó sọ mọ́tò di ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1960, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ṣe bí ìgbín. Ó gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó gbé ajá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó dágbére fún ìyàwó rẹ̀, ó sì kọrí sójú ọ̀nà.

Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù nígbà náà kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà, ẹ ó rántí bí ara ṣe ń yá gbogbo ayé nílùú. Bí àwa ṣe ń múra láti bẹ̀rẹ̀ orílẹ̀-èdè tiwa, bẹ́ẹ̀ ni bàbá yìí ń múra láti lọ tún tirẹ̀ mọ̀, torí ó ti yé e pé òun kò mọ̀ ọ́n mọ́.

John Steinbeck ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Salinas, ní ìpínlẹ̀ California, ni wọ́n ti bí i ní 1902. Ìwé kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀, ìwé tó sì gbé orúkọ rẹ̀ káàkiri jù ni The Grapes of Wrath, tó jáde ní 1939, tó sọ ìtàn àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀dá àti gbèsè lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Ní 1962, ó gba ẹ̀bùn Nobel, ẹ̀bùn kan náà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká gbà ní 1986.

Ṣùgbọ́n ní 1960 tí à ń wí yìí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹni ọdún 58 ni. Nǹkan bí ọdún 25 ló ti fi ń gbé ìlú ńlá, tó tún ń lọ sókè òkun, tó sì ń kọ ìwé nípa àwọn ará orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti inú ohun tó rántí nìkan. Ó ní ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa ènìyàn tí kò gbọ́ ohùn wọn mọ́, irọ́ ló ń pa.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Ní ìparí 1959, àìsàn gbé e dè. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, ohun tí wọ́n ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ fún un: pé kó rọra, kó jókòó, kó má ṣe gbé ohun tó wúwo. Steinbeck kò gbà. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí àìsàn kan ṣoṣo sọ di ọmọ ọwọ́ nínú ilé ara wọn. Ó ní kàkà kí tòun rí bẹ́ẹ̀, òun á wa mọ́tò.

Mọ́tò tó ní ibùsùn

Irú mọ́tò wo ni? Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni, píkọ́ọ̀pù tí iléeṣẹ́ GMC ṣe, tí wọ́n wá gbé ilé kékeré kan lé ẹ̀yìn rẹ̀. Ibùsùn wà nínú ilé náà, tábìlì wà, sítóòfù wà, fíríìjì wà, iná wà, gáàsì ló sì ń lò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé kí ẹ̀fọn má baà wọlé. Ó sọ mọ́tò náà ní Rocinante, orúkọ ẹṣin Don Quixote, àgbàlagbà inú ìtàn àwọn ará Sípéènì tó gun ẹṣin jáde nílé láti lọ tún ayé ṣe.

Ẹrù tó dì sínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ. Ó kó ìwé, irinṣẹ́, oúnjẹ alágolo, ìbọn àti ọ̀pá ìpẹja. Ìbọn àti ọ̀pá yẹn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe o. Bí àgbàlagbà kan bá sọ pé òun kàn fẹ́ máa rìn kiri, àwọn ènìyàn á fura sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ìbọn, wọ́n á ní ọdẹ ni, kò sì sí ẹni tó máa bi í léèrè mọ́.

Ohun kan wà tí yóò pa ẹ̀yin ìyá wa lẹ́rìn-ín. Ó wá ike ńlá kan tó ní ìdérí, ó da omi, ọṣẹ àti aṣọ ìdọ̀tí sí i, ó sì fi okùn tó ń fà so ó kọ́ sínú mọ́tò. Bí mọ́tò ṣe ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń fọ ara rẹ̀. Nígbà tó bá di alẹ́, á ṣan án lómi, á sì sá a.

Ẹni tó bá a lọ ni Charley, ajá ńlá kan tí wọ́n bí sí ẹ̀bá Paris, tí wọ́n sì ti fi èdè Faransé tọ́ dàgbà. Ẹ̀rù àdánìkanwà ló jẹ́ kó tọrọ ajá náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, Elaine.

Díẹ̀ ló kù kí ìrìn àjò náà má ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, ìjì líle tí wọ́n pè ní Donna jà dé Long Island níbi tí ilé rẹ̀ wà. Ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ fẹ́ fọ́ mọ́ èbúté. Bàbá tí wọ́n ní kó máa rọra yìí ló kó sínú omi, tó gba ọkọ̀ náà là, tó sì padà sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ara tútù. Mọ́tò tó wà lábẹ́ igi kò fara pa. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn rẹ̀ ló gbéra.

Gbogbo ayé ló fẹ́ bá a lọ

Kò fẹ́ gba àárín New York kọjá nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ wọ fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá. Fẹ́rì mẹ́ta ló wọ̀ kó tó gúnlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Nínú èyí tó wọ̀ kẹ́yìn, ó bá ọmọkùnrin ológun ojú omi kan sọ̀rọ̀, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Ẹ̀rù ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ba Steinbeck fúnra rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń fi inú dídùn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dé Deerfield, ní Massachusetts, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí iléèwé. Ilẹ̀ ti ṣú, kò fẹ́ jí ọmọ. Ó lọ bá ẹnì kan tó ń sin màlúù, ó ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọrọ àyè láti sùn sábẹ́ igi èso rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ọkùnrin tó ń fún wàrà màlúù yìí ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ó fi iṣẹ́ ìwé sílẹ̀, ó padà sídìí màlúù, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ iléèwé ya bo mọ́tò náà, gbogbo wọn ló fẹ́ wọ inú rẹ̀ wò.

Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yà á lẹ́nu. Láti ilé rẹ̀ ni ó ti rí i, ó sì rí i níbi gbogbo tó dúró sí. Ọmọdé ni o, àgbà ni o, bí wọ́n bá ti rí mọ́tò náà, ojú wọn á yí padà. Wọn kò béèrè ibi tó ń lọ tó bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó wu àwọn náà kí àwọn lọ. Ẹni tó jáde láti wá ibi tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà bá a pé ìdajì rẹ̀ ló fẹ́ kúrò níbi tó wà.

Ní New Hampshire, ó tọrọ ibùsùn lórí ilẹ̀ àgbẹ̀ kan, àgbẹ̀ náà sì wọlé wá bá a mu kọfí. Ìdìbò láàrin Kennedy àti Nixon kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ mọ́. Àmọ́ àgbẹ̀ náà ní kò sí ẹni tó ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde mọ́ ládùúgbò. Ó ní bàbá bàbá òun mọ nǹkan dájú, àmọ́ òun ò mọ nǹkan kan tó ń bọ̀ lọ́la.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dùn. Nítòsí Bangor, ní ìpínlẹ̀ Maine, ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá ọ̀nà kan tí wọ́n ti fi ọ̀rá bo gbogbo nǹkan inú rẹ̀, títí dórí ife omi. Ojú obìnrin tó gbé oúnjẹ fún un le, kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Steinbeck ní ìbànújẹ́ rẹ̀ ran òun bí àìsàn. Ilé tó ní ògiri, tó ní ibùsùn rírọ̀, kò gbà á. 

Alẹ́ àwọn oníṣẹ́ oko

Lẹ́yìn tó ti yà ní Deer Isle, tó jẹ alákàṣà, edé ńlá inú òkun, ó forí lé àríwá Maine, ẹkùn Aroostook. Oko ànàmọ́ òyìnbó ló tẹ́ rẹrẹ níbẹ̀, àsìkò ìkórè sì ni. Àwọn ẹbí láti Canada, àwọn elédè Faransé, ló máa ń sọdá ibodè wá bá wọn hú u, bí àwọn alágbàṣe tiwa ṣe máa ń lọ sí oko kòkó lásìkò ìkórè.

Gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, ó dúró sẹ́bàá adágún omi kan, ó rí i pé ẹbí kan ti pàgọ́ sítòsí. Kò fẹ́ já wọ àárín wọn bí ẹni tó wá yọjú sí ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀. Ó tú Charley sílẹ̀, ajá náà lọ bá wọn. Ó fún wọn láyè díẹ̀, ó lọ mú ajá rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ó pè wọ́n wá sílé òun lálẹ́.

Wọ́n sì wá. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọṣọ tó mọ́. Wọ́n fún ara wọn yí tábìlì kékeré náà ká. Ife kò kárí, ó wá oríṣiríṣi ohun tó lè gba ọtí, ó ṣí ìgò bíráǹdì kan tó ti tọ́jú pẹ́, ó pín in débi tó kárí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mọ́tò di ilé. Sítóòfù àti ibùsùn tó wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní kò sọ ọ́ di ilé. Àlejò tó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé ló ṣe é. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ènìyàn laṣọ.

Ṣé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀?

Akọ̀ròyìn yìí kò ní ṣe yín ní àṣìṣe. Ìwé tí Steinbeck kọ nípa ìrìn àjò náà, Travels with Charley, jáde ní 1962, àwọn ènìyàn sì gbà á ní òótọ́ fún ọdún gbọọrọ. Ní 2010, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan, Bill Steigerwald, tọ ipa ọ̀nà náà. Ó ní Steinbeck sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ju bó ṣe kọ ọ́ lọ, pé ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ ju bí ìwé náà ṣe sọ lọ, àti pé kò dájú pé gbogbo àwọn tó ní òun bá pàdé ló wà láyé rí.

Ẹ̀rí kan wà tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Àgbẹ̀ New Hampshire yẹn sọ̀rọ̀ Khrushchev, olórí Soviet, tó bọ́ bàtà gbá tábìlì ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ni ìtàn bàtà yẹn, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí àjọ náà gba Nàìjíríà wọlé. Nígbà náà, Steinbeck ti kúrò ní New Hampshire tipẹ́. Ó ní láti jẹ́ pé ó to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ nígbà tó padà délé.

Ṣé irọ́ wá ni? Ìrìn àjò ṣẹlẹ̀, kò sí iyèméjì. Nǹkan bí máìlì 10,000 ló wà, ó sì padà délé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Mọ́tò náà ṣì wà níbi ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi rántí rẹ̀ ní Salinas. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáde torí kí ó má baà kọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, òun náà ló padà wá fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹni tí kò sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ nìyẹn fún àwa tí à ń kọ ìròyìn.

Thom, ọmọ rẹ̀ àgbà, sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé bàbá òun mọ̀ pé ọjọ́ òun kò pọ̀ mọ́, pé ṣe ló lọ dágbére fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, ọdún 1968, ló kú.

Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi wà lára àwọn ènìyàn ju ara òkè àti odò lọ. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, kì í ṣe dandan kí ẹ ní mọ́tò oníbùsùn. Ìlú kan wà tí ẹ ti ń sọ pé ẹ ó tún fojú rí, ọ̀rẹ́ kan wà tí ẹ kò tíì gbóhùn rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Bí ara bá gbà, ẹ lọ. Bí ara kò bá gbà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ gbé ife síta.