Bí ẹ̀rọ aṣòfófó gáàsì bá dákẹ́, ṣé kò sí gáàsì lóòótọ́?

Gáàsì ìdáná kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn fúnra rẹ̀. Òórùn tó máa ń ta wá nímú nígbà tó bá ń jò, àwọn tó ń pèsè rẹ̀ ló pò ó mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọdún 1937, gáàsì tí kò rùn rárá kóra jọ sábẹ́ iléèwé kan ní New London, Texas, ó sì bú gbàmù. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló kú, ọmọdé ló pọ̀ jù. Ẹ̀yìn èyí ni Texas fi òfin de títa gáàsì tí kò lóòórùn.

Ṣùgbọ́n òórùn tètè máa ń mọ́ imú lára. Ẹni tó ti wà ní ilé ìdáná láti àárọ̀ lè má gbọ́ ọ mọ́, kí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa di imú. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ aṣòfófó gáàsì tó ṣe é mú dání fi wúlò, bí ẹni tó mú un dání bá mọ̀ pé ó lè dákẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti kú.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ọ̀kan, èyí tí Naoyoshi Taguchi ará Japan dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, gáàsì máa ń yí bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú èròjà kan kọjá. Nínú èkejì, gáàsì máa ń jó lára wóró kékeré kan, ẹ̀rọ á sì wọn ooru rẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ gbóná kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má kánjú.

Ìta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, ni kí ẹ ti tan án. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n bá ti jí ṣe òdo. Ẹni tó tan án nínú yàrá tí gáàsì wà ti kọ́ ọ ní irọ́. Bí ilé bá sì ti ń rùn gan-an, ẹ gbàgbé ẹ̀rọ: ẹ má fọwọ́ kan ṣíìṣì iná kankan, ẹ pa sílíńdà, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò ni ibi tí wọ́n ń na ọwọ́ sí. Propane tó wà nínú sílíńdà fi ìdajì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, butane sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń rápálá lọ, sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, sínú gọ́tà. Methane tí páìpù ń gbé wọ ilé ní London fúyẹ́ ní tirẹ̀, òkè àjà ló ń lọ. Ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ tọ orí sílíńdà, rẹgulétọ̀ àti gbogbo ibi tí rọ́bà ti so mọ́ irin, díẹ̀díẹ̀. Bí igbe rẹ̀ bá ń yára sí i, ẹ fi omi ọṣẹ pa ibẹ̀. Ibi tó bá ti ń hó ni ó ti ń jò.

Àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ máa ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní LEL. Bí propane bá tó nǹkan bí ìdá 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ó lè gbiná. Ìyẹn ni ẹ̀rọ ń pè ní 100. Ọ̀pọ̀ ló sì ń pariwo láti 10. Bí nọ́ńbà bá fò sókè lójijì tó tún já wálẹ̀, ẹ má tíì dúpẹ́. Oríṣi tó ń jó gáàsì nílò ọ́síjìn; níbi tí gáàsì bá ti gba àyè afẹ́fẹ́, irọ́ ló máa kà.

Kì í ṣe ìṣubú nìkan ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Silicone inú ìpara tí wọ́n fi ń mú táyà dán lè pa wóró yẹn láìfi àmì kankan hàn lójú ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ má tọ́jú ẹ̀rọ àti ìpara náà pọ̀ sínú bóòtù ọkọ̀. Lọ́fínńdà àti oògùn ẹ̀fọn, ní tiwọn, lè mú oríṣi ti Taguchi pariwo lásán. Bí ẹ ò bá ní lo ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ yọ bátìrì.

Àwọn oníṣẹ́ gidi máa ń fẹ́ gáàsì tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i kí wọ́n tó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Bí kò bá pariwo, kò lọ. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ara agolo gáàsì náà, wọ́n á tún òdiwọ̀n rẹ̀ ṣe. Láítà tí àwọn kan ń tẹ̀ sí i nímú kò lè rọ́pò èyí: butane tó ń tú jáde níbẹ̀ ti pọ̀ jù, ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́, kò sì ní sọ bóyá ó ń ka iye tó tọ́. Sẹ́ńsọ̀ tilẹ̀ ń darúgbó lórí igbá lásán, láìlò. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀.