Bí Rọ́bà Ẹ̀rọ Ínsúlínì Bá Kọṣẹ́

Ní àsìkò ọdún Àjíǹde, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá kí wa ní Kano. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra láti kékeré. Ẹ̀rọ kékeré kan ló máa ń so mọ́ ìgbànú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé ínsúlínì láti inú rẹ̀ lọ sábẹ́ awọ ikùn, tọ̀sán tòru.

Ní ọjọ́ kejì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń tọ̀ léraléra, èébì sì ń gbé e. Àwa ní oòrùn Kano ni, ẹ fún un lómi. Nígbà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ti di 19 lórí ẹ̀rọ tiwọn, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 340 lórí irú tiwa. Ẹ̀rọ ínsúlínì náà kò sì ké rárá. Nígbà tó yọ rọ́bà kúrò lára, a rí i pé ẹnu rẹ̀ tó wọ abẹ́ awọ ti ká kò. Oògùn kò wọlé mọ́.

Ohun tó léwu níbẹ̀ rèé. Ínsúlínì inú ẹ̀rọ kì í pẹ́ lára. Bó bá dáwọ́ dúró, láàárín wákàtí díẹ̀ ara yóò máa jó ọ̀rá, kítóònù yóò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì kan. Èyí lè pa ènìyàn.

Nítorí náà, bí ṣúgà bá ju 14 lọ, ìyẹn 250 tiwa, ẹ yẹ kítóònù wò. Bí kítóònù bá wà, tàbí tí ẹ̀rọ ti fún un ní oògùn tí ṣúgà kò sì wálẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ mọ́. Kó fi abẹ́rẹ́ gún ìwọ̀n tí dókítà rẹ̀ ti là sílẹ̀, kó pààrọ̀ rọ́bà àti ínsúlínì, kó sì lo ibòmíràn lára. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ìdí rẹ̀: ṣé rọ́bà ká ni, àbí ẹ̀jẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀? Ṣé awọ tutù, tó ń rùn bí oògùn? Ṣé ojú ibẹ̀ ti le koko? Ọjọ́ 2 sí 3 ni rọ́bà sábà máa ń lò. Ooru inú mọ́tò sì ń ba ínsúlínì jẹ́.

Bó bá ń bì, tó ń mí gúlegúle, tàbí tí oorun àìdáa ń kùn ún, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Abẹ́rẹ́ wà nínú báàgì ọmọ wa. Òun ló yọ ọ́. Ẹni tó bá gba irú àlejò bẹ́ẹ̀, kó bi í lọ́jọ́ tó bá dé pé: “Bí ẹ̀rọ yìí bá kọṣẹ́, níbo ni abẹ́rẹ́ rẹ wà?”